Ìdérí Tó Gan Mọ́ Ọwọ́ Fóònù

(Ìró ohun kan tí a ń mì nítòsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn: ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀.)

Ẹ gbọ́ yẹn? Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kọ́ o. Àgbàdo inú agolo náà kọ́. Ọwọ́ tẹlifóònù àtijọ́ ni mo mú dání nínú yàrá yìí, ìyẹn ibi tí à ń gbá mú, tí a ó fi apá kan sétí, tí apá kejì á wà níwájú ẹnu. Ó dúdú, ó ń dán, ó sì wúwo débi pé tó bá já bọ́ lé èèyàn lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, onítọ̀hún á ké pe ìyá tó bí i. Ohun tó ń ró ṣẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kó dúró ná. A ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ti mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ àtúnṣe rédíò ni mo kọ́ ní kékeré kí n tó bọ́ sínú rédíò fúnra mi. Iṣẹ́ ọwọ́ kì í kúrò lára. Títí di òní, bí nǹkan bá dákẹ́ ní Close tiwa, ìyẹn òpópónà wa ní Festac ní Èkó, ilé mi ni wọ́n ń gbé e wá. Fáànù ni o, áyọ́ọ̀nù ni o, aago ara ògiri ni o. Ní oṣù tó kọjá, tẹlifóònù ló dé.

Màmá kan ló ni ín, arúgbó tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ní àdúgbò. Ọkọ wọn, tó ti dolóògbé, bá P&T ṣiṣẹ́, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí lẹ́tà àti tẹlifóònù nígbà náà, kí wọ́n tó yọ tẹlifóònù kúrò lára lẹ́tà, tí wọ́n sì dá NITEL sílẹ̀ ní 1985. Láti Yaba ni wọ́n ti gbé fóònù yìí wá sí Festac. Ó ju ilé tó wà nínú rẹ̀ lọ́jọ́ orí. Tí ẹ bá dojú rẹ̀ délẹ̀, ẹ ó rí i tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú rẹ̀ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é.

Ọmọ-ọmọ Màmá ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó ra àpótí kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń ki SIM bọ̀, tí èèyàn á sì so tẹlifóònù onílé mọ́ lẹ́yìn. Èrò rẹ̀ dára. Fóònù aláfọwọ́tẹ̀ ń da Màmá láàmú. Ìka wọn ti gbẹ, gíláàsì rẹ̀ kì í sì í gbọ́ ìka gbígbẹ. Ó ní kí Màmá máa fi fóònù ọkọ wọn gba ìpè, kó ṣáà máa dún, kí wọ́n máa gbé e. Wọ́n so ó. Aago dún. Ará ilé pariwo ayọ̀. Màmá gbé e sétí, wọ́n ní "Hẹ̀lóò," wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Ẹni tó pè náà ò gbọ́ wọn.

Wọ́n wá gbé e lọ fún ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, ọmọ náà mọ iṣẹ́ fóònù tòde òní. Ó mọ̀ pé ìdérí méjì ló wà lára ọwọ́ fóònù, ọ̀kan níbi etí, ọ̀kan níbi ẹnu, pé yíyí ni wọ́n ń yí i ṣí. Ó yí i. Kò yí. Ó bá mú ẹ̀mú, ó fi fún ìdérí ìsàlẹ̀ pinpin, ó fi gbogbo agbára wọ́ ọ. Ohun tó gbọ́ ni "kẹ́!" Etí ìdérí náà ṣẹ́, ó tó hóró ìrẹsì kan. Màmá dìde, wọ́n gba nǹkan wọn lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀." Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n gbà wá.

Kí n tó sọ ohun tí mo ṣe, ẹ jẹ́ kí n rán àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún létí ohun tí nǹkan yìí jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tí Nàìjíríà gba òmìnira ní 1960, ìlà tẹlifóònù tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ 18,724, bẹ́ẹ̀ àwa èèyàn inú rẹ̀ ti tó ogójì mílíọ̀nù. Ẹni tó ní tẹlifóònù nílé, olówó ni, tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba tó nípò. Nígbà tí ìjọba ológun kọ́ Festac fún àwọn àlejò àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú, èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, tó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977, tẹlifóònù wà lára ohun tí wọ́n gbèrò pé ìlú náà gbọ́dọ̀ ní, bí omi ẹ̀rọ àti ọ̀nà ọlọ́dà. Àlejò lọ, wọ́n ṣẹ́ gègé lórí ilé, gègé mú ọkọ Màmá.

Bí ilé kan bá ní fóònù ní Close, gbogbo Close ló ni ín. Ẹ ó gbọ́ ohùn ọmọdé lálẹ́: "Ẹ̀gbọ́n ní kí ẹ máa bọ̀ o, wọ́n ń pè yín láti London!" Màmá ní ìró lásán ni ìyá tí wọ́n pè á ró sáré wá, á sì máa pariwo sínú fóònù náà bí ẹni pé ohùn rẹ̀ ló máa gbé ọ̀rọ̀ náà kọjá òkun. Bàbá onífóònù á jókòó sí tòsí, á máa wo aago, nítorí òun ló máa sanwó ní ìparí oṣù.

Ìdí rèé tí wọ́n fi ń ti fóònù. Ẹ̀yin àgbà rántí kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn, èyí tí wọ́n ń fi bọ inú ihò kan lára àwo nọ́mbà kí ó má lè yí. Ẹni tó bá fẹ́ pè á lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n lọmọ Festac. Àwo nọ́mbà yẹn, kí ló ń ṣe? Bí ẹ bá yí 5, tí ẹ jẹ́ kó padà, ńṣe ló ń já ìlà náà tó ń so ó padà lẹ́ẹ̀marùn-ún, wàràwàrà, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ tó wà ní ibùdó ń ka bó ṣe ń já. Bọ́tìnnì tí ọwọ́ fóònù ń jókòó lé náà máa ń já ìlà. Nítorí náà, ẹni tó bá lè fi ìka tẹ bọ́tìnnì yẹn lẹ́ẹ̀marùn-ún láìdúró ti pe 5 nìyẹn, kọ́kọ́rọ́ ń bẹ níbẹ̀ o. Odo ńkọ́? Lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Èmi ò sọ pé mo ṣe é nílé ẹnikẹ́ni. Mo kàn mọ̀ ọ́n ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìdérí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣe kì í ṣe pé mo yí i. Mo fi àtàǹpàkò ra á. Mo ra ibì kan ṣoṣo lára ọwọ́ fóònù náà títí tí ó fi gbóná lábẹ́ ìka mi, mo wá gbé e sí imú. Òórùn Izal, oògùn apakòkòrò yẹn, ló jáde, tín-ín-rín, bí ìgbà tí èèyàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ilẹ̀ rẹ̀. Ó yé mi. Bakelite ni. Ohun èlò yìí ni Leo Baekeland, ọmọ ilẹ̀ Belgium tó lọ tẹ̀dó sí New York, ṣe ní 1907, tó gba ìwé àṣẹ lé lórí ní 1909. Ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe é bá Izal tan, òun ni imú ń gbọ́. Wọ́n á po ìyẹ̀fun igi mọ́ ọn, wọ́n á fi ooru àti agbára tẹ̀ ẹ́ sínú máàdì, á sì le. Bí ẹyin tí a sè ló rí: bó ti le náà ló le, iná kankan kò ní sọ ọ́ di omi mọ́.

Ìyẹn ṣe pàtàkì. Àwọn fóònù tó dé lẹ́yìn rẹ̀, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde ní 1959, tó fúyẹ́, tó wà ní oríṣiríṣi àwọ̀, ike mìíràn ni wọ́n fi ṣe wọ́n. Ẹ gbé ìyẹn súnmọ́ ooru púpọ̀, á tẹ̀ bí ṣíbí ike tó bọ́ sínú ọbẹ̀ gbígbóná. Bakelite kì í tẹ̀. Àléébù tirẹ̀ ni pé kì í fà, kì í tẹ̀, ó kàn ń fọ́ ni, bí àwo tánganran. Ẹni tí kò mọ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tíì yẹ lẹ́ni tó ń mú irinṣẹ́.

Kí ló wá mú kí ìdérí náà gan? Àwa fúnra wa ni. Ẹ ro ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbi ẹnu fóònù fún ogójì ọdún. Èémí ń wọ inú rẹ̀, itọ́ wẹ́wẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Níbi etí, òógùn, ìpara, pọ́dà, òróró irun. Ọyẹ́ dé, erùpẹ̀ dé. Ẹ tún fi ti Festac kún un, tí omi ọ̀sà àti irà yí ká, tí ìrì oníyọ̀ ń bà lé irin lóru. Ẹ ṣáà wo ohun tó ń ṣe páànù òrùlé yín. Gbogbo èyí á yọ́ wọ inú ìlà yíyí tí ìdérí fi de ara rẹ̀ mọ́ ọwọ́ fóònù, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní tírẹ́ẹ̀dì, á sì le bí símẹ́ńtì. Nínú ti Màmá, ohun mìíràn tún wà. Mo bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń mú un dán. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Pọ́líìṣì bàtà ni o. Gbogbo Sátidé ni bàbá rẹ ń ní kí wọ́n fi Kiwi dúdú nù ún." Ogún ọdún pọ́líìṣì bàtà! Ó ti di ẹ̀pà níbi ìpàdé ìdérí àti ọwọ́, débi pé èèyàn kò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Ìdérí òkè, ti ibi etí, ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Mo fi bíróòṣì ìfọyín tó ti gbó ha ibi ìpàdé náà ní gbígbẹ, mo fi igi ìṣáná tí mo gbẹ́ ṣóńṣó wa a yíká. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dáadáa bóyá síkúrú tíńtín kan ń bẹ níbẹ̀, nítorí àwọn fóònù tí wọ́n ń gbé síta fún aráàlú, síkúrú ni wọ́n fi máa ń ti ìdérí wọn nítorí olè. Ẹni tí kò bá rí i á yí i títí ọrùn ọwọ́ á fi bọ́. Kò sí. Inú mi dùn, mo sì tún bẹ̀rù, nítorí ó túmọ̀ sí pé ìdọ̀tí nìkan ló dè é.

Òróró ló kàn. Mo lọ sí ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Trade Fair, mo ra WD-40. Mẹkáníìkì kan tó wà níbẹ̀ ní kí n fi epo bíréèkì sí i, pé òun ni òun fi ń tú nọ́ọ̀tì tó bá dípẹtà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Epo bíréèkì ń ba ọ̀dà àti ọ̀pọ̀ ike jẹ́. Lára ọkọ̀ ni kó máa gbé. Mo fọ́n WD-40 díẹ̀ sínú ìdérí ìgò, mi ò fọ́n ọn sára fóònù rárá. Mo fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, mo ń fi ṣóńṣó rẹ̀ kán an sí ojú ìpàdé náà, ẹ̀kán kan, ẹ̀kán kan, yíká. Mo wá gbé e kalẹ̀, kí òróró lè máa wọ inú tírẹ́ẹ̀dì díẹ̀díẹ̀. Mo lọ sùn.

Ní ọjọ́ kejì mo fi ọwọ́ lásán dán an wò. Kò mì. Mo tún kán òróró sí i, mo fi ẹ̀yìn ṣíbí igi gbá a jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yíká etí, bí ẹni ń dán ìlù wò, kí ẹ̀pà náà lè máa sán. Alẹ́ ọjọ́ yẹn kò síná, mi ò bá ti lo ẹ̀rọ ìgbẹrun ìyàwó mi. Mo gbé omi kaná, mo ti aṣọ ìnura kékeré bọ̀ ọ́, mo fún un gbẹ dáadáa, mo fi ìgúnpá mọ bó ṣe gbóná sí bí a ṣe ń dán omi ìwẹ̀ ọmọ wò, mo wá fi wé ìdérí nìkan. Ìdérí nìkan o! Bí ìdérí bá gbóná tí ọwọ́ inú rẹ̀ ṣì tutù, ìdérí á wú díẹ̀, á jù ú sílẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá jọ gbóná, wọ́n á jọ wú, ibi tí ẹ wà náà lẹ wà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kí ẹ rì í sínú omi. Ìyẹ̀fun igi inú rẹ̀ á mu omi, dídán rẹ̀ á lọ, á di funfun ràkọ̀ràkọ̀, pọ́líìṣì bàtà kankan ò sì ní gbà á là.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe rèé, ibẹ̀ ni ọmọ abẹ́ agboòrùn náà ti ṣìṣe. Ìdérí yìí rí rogodo bí òrùka. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú fún òrùka lápá méjì, kò ní rí rogodo mọ́. Á gùn díẹ̀ bí ẹyin. Apá méjì tí ẹ fún náà á wá gé tírẹ́ẹ̀dì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ mú bí eyín. Nítorí náà, bí ẹ bá ṣe ń fún un tó, bẹ́ẹ̀ ló ń dì yín mú tó. Agbára yín gan-an ló ń dè é. Ọ̀nà tó wà ni kí ọwọ́ yín kan gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ní dọ́gbadọ́gba.

Mo lọ bá vọkanáísà tó wà lẹ́bàá ọ̀nà. Mo ní kó gé túbù fún mi, irú rọ́bà gígùn tí àwọn ọlọ́kadà fi ń di ẹrù. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ dì. Mo ní tẹlifóònù. Ó wò mí, kò gba owó lọ́wọ́ mi. Bóyá ó rò pé nǹkan ti ń ṣe mí. Mo fi túbù náà wé ìdérí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo fà á le. Mo fi ìtàn méjèèjì gbá ọwọ́ fóònù mú pẹ̀lú aṣọ. Kí n tó yí i sí òsì, èyí tí í ṣe ọ̀nà títú, mo kọ́kọ́ yí i sí ọ̀tún, bí ẹni tún fẹ́ dè é sí i, díẹ̀ báyìí, bí ìmí. Ìyẹn ló ń já ẹ̀pà. Lẹ́yìn náà, òsì. Ọ̀tún. Òsì.

Kò gbọ́. Mo gbé e sílẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, lẹ́yìn tí mo ti tún fi aṣọ gbígbóná wé e lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe "kírì." Ìró kékeré, bí ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá kejì bá ṣí. Mo rò pé ó fọ́ ni. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mi ò rí ibi tó là. Mo tún yí i, ó tún ṣe kírì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí, omi dúdú ń tẹ̀lé e jáde lójú tírẹ́ẹ̀dì: Kiwi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ẹ bá ṣí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ìgbà tí wọ́n ti ń ná kọ́bọ̀, òórùn ló kọ́kọ́ ń kí yín. Òórùn rọ́bà gbígbẹ, eruku, àti nǹkan kan tó jọ pọ́dà àgbà. Èèpo ẹyin aáyán méjì ló wà níbẹ̀, ó ti gbẹ. Lábẹ́ ìdérí ni pẹpẹ irin pẹlẹbẹ kan wà, ó tín-ín-rín bí ewé. Òun ni ń gbọ̀n tí etí fi ń gbọ́ ohùn. Mágnẹ́ẹ̀tì ló dì í mú látẹ̀yìn. Ẹ má fi ọ̀bẹ họ ọ́ sókè o, á tẹ̀, bó bá sì tẹ̀ ohùn rẹ̀ ò ní tọ́ mọ́. Ẹ fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, á yọ̀ kúrò lórí mágnẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀.

Àìsàn rẹ̀ kò jìnnà. Ojú ibi méjì tí wáyà ti ń kan ara ti dípẹtà aláwọ̀ ewé, irú èyí tí bàbà àti idẹ máa ń ní, síkúrú kan sì ti tú díẹ̀. Mo fi ìpàwérẹ́ ọmọ ilé-ìwé pa ìpẹtà náà rẹ́ títí irin fi ń tàn, mo de síkúrú náà padà. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dé ibi ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó ku ìdérí ìsàlẹ̀, èyí tí ẹ̀mú ti ṣẹ́ létí. Mo ṣe gbogbo ohun tí mo ṣe fún ti òkè fún un. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, ọ̀sẹ̀ kan. Ní ọjọ́ kẹjọ, mo gbé tọ́ọ̀ṣì sí i ní ẹ̀gbẹ́, mo rí ìlà kan, ó tín-ín-rín ju irun orí lọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí hóró ìrẹsì yẹn ti ṣẹ́, ó sì ń lọ sókè. Mo tú rọ́bà mi kúrò.

Mo wá ronú. Kí ni mo fẹ́ ṣe nínú ibẹ̀ gan-an? Ìdérí yẹn bo agolo pẹlẹbẹ kan tó kún fún hóró èédú wẹ́wẹ́. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, afẹ́fẹ́ ohùn wa á máa ti àwọn hóró yẹn. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, iná tó ń gba àárín wọn kọjá á pọ̀, bí wọ́n bá jìnnà síra, á dín kù. Bí iná náà ṣe ń pọ̀ tó ń dín ni ọ̀rọ̀ wa, òun ló ń gba wáyà lọ. Bí fóònù bá ti pẹ́ láìlò, ọ̀rinrin á mú kí hóró èédú náà dì pọ̀ mọ́ra, ohùn ò sì ní jáde mọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ mọ oògùn rẹ̀, kò sì la ìdérí lọ. Ẹ di ọwọ́ fóònù mú, ẹ fi apá ẹnu rẹ̀ gbá àtẹ́lẹwọ́ yín. Báyìí.

(Ìró: pọ́, pọ́, pọ́. Lẹ́yìn náà: ṣẹ̀kẹ̀, ṣẹ̀kẹ̀.)

Òun ni ẹ gbọ́ níbẹ̀rẹ̀ yẹn. Nígbà tí wọ́n gbé e wá, kò ró rárá. Mo gbá a, mo mì í, mo tún gbá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ró. Mo gbé e lọ sílé Màmá, a so ó mọ́ àpótí náà, ọmọ-ọmọ wọn bọ́ sí yàrá, ó pè. Aago dún. Màmá gbé e. Wọ́n ní, "Hẹ̀lóò, ta nìyẹn?" Ọmọ náà dáhùn láti inú yàrá, ó sì tún dáhùn láti inú fóònù. Màmá gbé e kúrò létí, wọ́n wò ó, wọ́n tún gbé e padà. Wọ́n ní, "Ohùn rẹ ti dàgbà níbí." Òótọ́ ni. Ohùn inú èédú kì í dán gbinrin bí ti fóònù ìsinsìnyí. Ó nípọn, ó dà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn aṣọ.

Àléébù kan wà. Màmá lè gba ìpè, wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni. Àpótí náà kò gbọ́ èdè jíjá-síso tí àwo nọ́mbà ń sọ. Ohùn bọ́tìnnì títẹ̀ ló gbọ́. Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní, "Ta ni mo fẹ́ pè? Àwọn ni kó máa pè mí."

Ìlà tí fóònù yìí mọ̀ nígbà ayé rẹ̀ kò sí mọ́. MTN àti Econet bẹ̀rẹ̀ GSM ní oṣù kẹjọ 2001, nígbà tí SIM kan ń gba ogún ẹgbẹ̀rún náírà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò fi wá ìlà NITEL mọ́. Ìjọba ta ìpín tó pọ̀ jù nínú NITEL fún ilé-iṣẹ́ Transcorp ní 2006, ìyẹn náà fọ́, NATCOM ra ohun tó kù ní 2015. Wáyà bàbà inú ilẹ̀, àwọn kan ti hú u tà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí irú fóònù yìí ń bẹ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín tàbí nínú àpótí bàbá yín, bí àwọn tó ń ra irin àlòkù bá ń kígbe kọjá, ẹ má tíì pè wọ́n. Ẹ fi àtàǹpàkò ra á wò ná. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn Izal, ẹ má fi yanrìn-ìwé họ ọ́ o, torí wọ́n po asbestos mọ́ òmíràn nínú Bakelite àtijọ́, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gé túbù lọ́dọ̀ vọkanáísà, ẹ ra òróró, kí ẹ sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan.

Bí mo bá kúrò níbí, ilé Màmá ni mo ń gbé ọwọ́ fóònù yìí padà sí. Wọ́n yá mi fún wákàtí méjì péré, nítorí ọmọ wọn tó wà ní London máa pè ní agogo mẹ́rin. Ìdérí òkè ń ṣí, ó ń dé, ọmọdé lè yí i. Ti ìsàlẹ̀ kò tíì ṣí.